Másítà lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ àti ọlẹ̀: lab òkè òkun, anatomy nílé, Benin, Ìbàdàn àbí residency?

Ní Èkìtì wa níbí, ẹ̀rù ìwé ò ba ẹnikẹ́ni. Ọmọ ò tíì bọ́ khaki NYSC lọ́rùn tán tí ìyá ẹ̀ á ti máa bi í pé másítà ńkọ́, bí ẹni pé wọ́n ń tà á ní Ọjà Ọba. Ìyẹn ò burú. Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn ọmọ tó ka anatomy, physiology, biochemistry, nọ́ọ̀sì tàbí med lab jáde ní ABUAD, EKSU tàbí Ọyẹ́ máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ lọ ka "reproductive medicine", tí mo bá wá ní ó dáa, kí lẹ fẹ́ máa ṣe láàárọ̀ Monday tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹnu á wọ́hò.

Mo ti ṣiṣẹ́ nínú lab IVF, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, l'Ékòó kí n tó padà wá sí Adó wá máa kọ́ọ̀yàn níwèé, torí náà ojú ẹni tó ti wà nínú ẹ̀ ni mo fi ń wò ó, ẹni tójú ẹ̀ bá yàtọ̀ kó sọ tiẹ̀. Tèmi ni pé ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ yunifásítì, ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín máa máa ṣe. Èèyàn mẹ́rin lè gba másítà tórúkọ ẹ̀ jọra nínú ẹ̀ka yìí, kí ọ̀kan máa gún ẹyin lábẹ́rẹ́ lábẹ́ máíkróskópù, kí ìkejì máa fún eku lómi ewé mu, kí ìkẹta máa gbé ìwé ìbéèrè kiri Ọ̀mùò àti Ìlawẹ̀, kí ìkẹrin wà ní theatre lóru tó ń ṣe CS. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dáa. Wọn ò jọra rárá ni, owó tó ń wọlé ò jọra, ọdún tó ń gbà ò jọra, oorun tí wọ́n ń sùn gan-an ò jọra.

Ẹ kọ́kọ́ ka list kọ́ọ̀sì

Orúkọ máa ń tanni jẹ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, "human development" tẹ́ ẹ rí yẹn, ìwà ọmọdé ni, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, bí èèyàn ṣe ń ronú láti kékeré títí dọjọ́ ogbó ni wọ́n máa kọ́ yín, ẹ ò ní rí ẹyin tàbí àtọ̀ sójú títí ẹ ó fi jáde. Ibòmíràn, orúkọ yẹn kan náà, ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, ni wọ́n ń sọ: bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń di méjì tí méjì ń di mẹ́rin, tí ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní nǹkan bí ọjọ́ 22, tí ọ̀pá kékeré tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn á pa dé tán ní nǹkan bí ọjọ́ 28, gbogbo ìyẹn á ti ṣẹlẹ̀ kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó fura pé nǹkan oṣù òun pẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo pé kí obìnrin tó fẹ́ lóyún ti máa lo folic acid, 400 microgram lójúmọ́, kí oyún tó dé rárá, torí ìgbà tó bá fi máa dé antenatal, ọ̀pá yẹn ti pa dé tàbí kó má pa dé mọ́.

Ọ̀wọ́ kẹta tún wà, àwọn tó ń wo bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ nínú oyún ṣe ń bá a dàgbà. David Barker ní Southampton ló mú ọ̀rọ̀ yìí gbajúmọ̀, pé àwọn tí wọn ò tẹ̀wọ̀n tó nígbà tí wọ́n bí wọn, àrùn ọkàn ń mú wọn ju àwọn yòókù lọ tí wọ́n bá dàgbà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ka yẹn gan-an o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí pọ́nńbélé ni, ẹni tó fẹ́ kí kílíníìkì gba òun síṣẹ́ láìpẹ́ kó gba ibòmíràn lọ. Ẹ ṣí list kọ́ọ̀sì, ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo thesis tí àwọn tó ṣáájú kọ. Orúkọ thesis ló máa sọ òótọ́ ẹ̀ka yẹn fún yín.

Lab: clinical embryology lókè òkun

Èyí ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ lórí ẹ̀.

Iṣẹ́ embryologist rèé. Dókítà á fa omi inú àpò ẹyin obìnrin jáde ní theatre, wọ́n á na tube ẹ̀ sí yín lójú fèrèsé kékeré tó wà láàárín theatre àti lab, tube yẹn á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ máa dà á sínú dish, ẹ máa wá ẹyin nínú omi ẹlẹ́jẹ̀ yẹn kíákíá torí kò gbọdọ̀ tutù. Tí àtọ̀ ọkọ ò bá lágbára, ICSI lẹ máa ṣe: ẹ máa yan sperm kan ṣoṣo, ẹ máa fi ẹnu abẹ́rẹ́ gíláàsì tẹ ìrù ẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ dish kó má lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ máa fà á wọnú abẹ́rẹ́, ìrù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Pipette kejì á di ẹyin mú lápá òsì. Ẹ máa yí ẹyin yẹn kí polar body, sẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, wà lókè tàbí nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fi abẹ́rẹ́ wọlé láti ọ̀tún, ẹ máa fà díẹ̀ títí awọ inú á fi já, ẹ fi sperm sílẹ̀, ẹ jáde. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ò lè ṣe é. Lẹ́yìn wákàtí 16 sí 18 ẹ máa wò ó bóyá ẹ rí pronucleus méjì, ọ̀kan láti ara ẹyin, ọ̀kan láti ara sperm, lọ́jọ́ kẹta ẹ ń retí sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà sí mẹ́jọ, lọ́jọ́ karùn-ún blastocyst, ọlẹ̀ tó ti di bọ́ọ̀lù sẹ́ẹ̀lì tó ní omi nínú. Ọlẹ̀ ò mọ Sunday, kò mọ Jímọ̀, kò mọ Kérésì, ẹni tó bá jẹ́ aṣáájú nínú choir kó ti bá choir master ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí yunifásítì òyìnbó kankan ò ní kọ́ yín: incubator gbọ́dọ̀ wà ní 37 degree tọ̀sán-tòru, gáàsì inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ yẹ̀, nitrogen olómi tí wọ́n fi ń tọ́jú ọlẹ̀ tó dì wà ní 196 degree sísàlẹ̀ òdo tó sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ sì wà ní Nàìjíríà. Embryologist tó dáńtọ́ níbí mọ iye díésẹ́lì tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ ju ẹni tó ń wa jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ìlú Ọba ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, Oldham ni wọ́n bí i sí ní July 1978. Nígbà táwọn nọ́ọ̀sì bá ń bi mí pé ṣé àwọn lè wọ lab, àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ yẹn ni mo máa ń kà fún wọn: Patrick Steptoe ni dókítà, Robert Edwards tó gba Nobel ní 2010 kì í ṣe dókítà oníṣègùn rárá, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, Jean Purdy tó ń tọ́jú ọlẹ̀ nínú lab sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Torí náà ilẹ̀kùn ò tì, ṣùgbọ́n ẹ máa ní láti fi hàn pé ẹ gbọ́ sáyẹ́ǹsì sẹ́ẹ̀lì dáadáa.

Àwọn ilé-ìwé wá ńkọ́. Oxford ní MSc Clinical Embryology, ọdún kan. Leeds ní tiẹ̀, Dundee ní tiẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọsibítù Ninewells, Nottingham ń ṣe ti Assisted Reproduction. Ní Ọsirélíà, Monash ní Melbourne ní Master of Clinical Embryology, ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Ọsirélíà ní 1980. Oxford ló lórúkọ jù tí owó ẹ̀ sì máa ń ga jù, wọn kì í sì í mú èèyàn púpọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń fowó ara mi san án, Dundee tàbí Leeds ni màá kọ́kọ́ wò, torí nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé Èkó tàbí Àbújá, ọ̀gá lab ò ní bi yín ní orúkọ ilé-ìwé tó ìgbà tó máa ní kẹ́ ẹ jókòó sídìí máíkróskópù kóun wò yín.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa fi email bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù: wákàtí mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò nídìí ẹ̀rọ ICSI? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín ẹ̀rọ kan? Ẹyin kí ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹyin màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí eku ni, torí òfin Ìlú Ọba ò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa fọwọ́ kan ọlẹ̀ èèyàn láìsí láísẹ́ǹsì HFEA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ IVF níbẹ̀, kódà ìwádìí tó bá gba láísẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ mú ọlẹ̀ kọjá ọjọ́ 14. Kò sóhun tó burú nínú ẹyin màlúù o. Ilé-ìwé tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ slide àti fídíò ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni èyí. Másítà yẹn ò sọ yín di embryologist tó ní ìwé àṣẹ ní Ìlú Ọba. Ibẹ̀, HCPC ló ń forúkọ clinical scientist sílẹ̀, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni STP, ètò ìkọ́ṣẹ́ ti NHS, tó ń gba ọdún mẹ́ta, tí wọ́n ń sanwó oṣù fún yín nínú ẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ló sì ń dù ú. Ẹni tó bá ń rò pé òun á parí másítà lónìí kí NHS gba òun síṣẹ́ lab lọ́la, kó tún èrò ẹ̀ rò. Owó ilé-ìwé fún àwa tá a wá láti òkèèrè, ní ọ̀pọ̀ lára wọn, ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún pọ́n-ùn lọ, ká má tíì sọ ilé àti oúnjẹ. Owó tẹ́ ẹ máa fi hàn fún físà gbọ́dọ̀ ti wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko, tẹ́ ẹ bá yá a lọ́wọ́ bọ̀dá yín tẹ́ ẹ dá a padà lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n máa rí i. Àti pé láti January 2024, ẹni tó ń lọ fún másítà oníkọ́ọ̀sì ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Mo mọ àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà sílẹ̀ nínú wọn, ẹ jọ sọ ọ́ tọkọtaya kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù.

Tí kò bá sówó, skọ́láṣíìpù Chevening àti Commonwealth ló kù. Chevening fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì, ẹ sì máa padà sílé lẹ́yìn ẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ níbí, ìyẹn ò ní ni í lára.

Nílé: MSc anatomy tàbí physiology

Ìbàdàn, Ìlọrin, Ifẹ̀, Èkó. Ọdún kan ààbọ̀ sí méjì lórí ìwé, tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ẹ rántí 2022, láti February dé October ni ASUU fi ti gbogbo ẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eku Wistar, eku funfun inú lab. Sùpáfáísọ̀ á ní kẹ́ ẹ wá ewé kan, ẹ máa sá a, ẹ máa lọ̀ ọ́, ẹ máa fún eku ní oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa pa á, ẹ máa yọ kórópọ̀n ẹ̀, ẹ ka sperm láti inú epididymis, ibi tí sperm ń dúró sí lẹ́yìn kórópọ̀n, ẹ wọn testosterone, omi ìsúnniṣe akọ, ẹ gé e sórí slide, ẹ fi aró kùn ún. Ẹni tó bá ti rìn nínú animal house láàárọ̀ mọ òórùn tí mò ń sọ. Ewé tí wọ́n ti fi dán eku wò nílẹ̀ yìí, ó kù díẹ̀ kí ewé tán nígbó. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka sperm, ìmọ̀ yẹn ò sì yàtọ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àtọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ lè gba másítà kẹ́ ẹ gba PhD lé e kẹ́ ẹ má tíì fojú kan ẹyin èèyàn rí.

Kí wá ni èrè ẹ̀? Owó ẹ̀ ò ga, ẹ lè máa ti Adó lọ máa bọ̀ nígbà tí kọ́ọ̀sì bá ti parí tó ku thesis, Itáwúre ni ẹ máa gbà dé Iléṣà dé Ifẹ̀, ẹ tún lè máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ di lecturer, ọ̀nà ẹ̀ nìyí, kò nílò èyí tó wà lókè yẹn rárá. Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí wọ́n bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní LUTH ní 1989, àwọn méjì tó ṣe é ni Osato Giwa-Osagie tó jẹ́ dókítà àwọn obìnrin àti Ọládàpọ̀ Ashiru tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n anatomy. Ẹni tó bá ní anatomy ò wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní kó lọ bi wọ́n.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tá a ṣiṣẹ́ lab níbí, nílé la ti gba másítà, a wá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kílíníìkì aládàáni á gbà yín pẹ̀lú BSc, wọ́n á fi yín sí andrology, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ àtọ̀ wò, fún oṣù púpọ̀, ẹ ò ní fọwọ́ kan ẹyin. Ẹ máa ka sperm títí, ìwé WHO tó jáde ní 2021 ní 16 million nínú mililita kan ni ìsàlẹ̀ ìwọ̀n, ẹ máa mọ èyí tó ń rìn, èyí tó ń yí lójú kan, èyí tó kú. Àwọn kan máa ń bínú pé wọ́n fi àwọn síbi àtọ̀. Ẹ má bínú. Ọ̀gá ń wo bóyá ẹ ń kọ orúkọ sára dish kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ẹni tó bá lè fi àtọ̀ Lágbájá pe ti Tàmẹ̀dù ò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹyin láéláé. Ilé ìwòsàn kan tí mo mọ̀ máa ń ní kí ọmọ tuntun buwọ́ lùwé pé òun ò ní kúrò fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ níṣẹ́, kí wọ́n sì máa san owó tí ò tó nǹkan fún un. Ẹ ka ìwé yẹn dáadáa, ẹ fi han ẹni tó mọ òfin, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Benin àbí Ìbàdàn: reproductive health

Ẹni tí kò fẹ́ jókòó sídìí máíkróskópù, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí, ikú àwọn aboyún, àwọn ọmọge tó ń ṣẹ́yún ní kọ̀rọ̀, àrùn ìbálòpọ̀, ìlànà ìjọba ló ń jẹ lọ́kàn, ibí ni kó wá. Nọ́ọ̀sì àti midwife tó ti rẹ̀ nínú shift alẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù.

UNIBEN ní ibi tí wọ́n ń pè ní CERHI, Báńkì Àgbáyé ló gbé e dìde nínú ètò centre of excellence wọn láti 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua ló kọ́kọ́ darí ẹ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣe vice chancellor UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó. Ibẹ̀ lẹ ti lè ka public health tó dojú kọ ọ̀rọ̀ ìbímọ àti ẹbí. Láti Adó, ẹ gba Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, ẹ dé Benin lọ́jọ́ kan náà tí ọ̀nà bá gbà yín.

Ìbàdàn ní tiẹ̀ ní PAULESI, apá kan nínú Pan African University tí African Union dá sílẹ̀, UI ló gbà á lálejò. Ẹ̀kọ́ nípa reproductive health wà níbẹ̀, skọ́láṣíìpù AU ló ń gbé e: owó ilé-ìwé, owó ìnáwó oṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ máa jókòó ti ará Kẹ́ńyà, ará Kamẹrúùnù, ìyẹn nìkan tó nǹkan. Ìdíje ẹ̀ le o, wọ́n sì ń wo ọjọ́ orí, torí náà ẹni tó ń sọ pé tó bá di ọdún mẹ́ta sí i kó yáa ṣe é báyìí.

Èwo ni kẹ́ ẹ yàn? Tẹ́ ẹ bá rí PAULESI gbà, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ di ẹrù. Tí kò bá bọ́ sí i, Benin dáa gan-an, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ bá NGO ṣiṣẹ́ tàbí tó fẹ́ gòkè ní ministry tàbí primary health care board. Iṣẹ́ ẹ̀ rèé tẹ́ ẹ bá wò ó súnmọ́: agogo méje òwúrọ̀ ẹ ti wà lábúlé kan lẹ́yìn Ọ̀mùò, torí tó bá ti di mẹ́jọ gbogbo ìyá ti lọ sóko, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ ń béèrè bóyá ó fẹ́ oyún tó bí kẹ́yìn, ìyá ọkọ ẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kò fẹ́ dìde, ẹ sì mọ̀ pé ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbà níṣojú ìyá yẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá mọ bó ṣe máa fi ọ̀yàyà lé ìyá ọkọ kúrò níbẹ̀ láìbínú, ó ti ní ìdajì másítà yẹn lọ́wọ́. Ìdajì tó kù ni statistics, ẹ ò sì lè sá fún un.

Residency: fún àwọn dókítà nìkan

Mi ò ní pẹ́ níbí. Tẹ́ ẹ bá ti ní MBBS tẹ́ ẹ fẹ́ máa fọwọ́ ara yín fa ẹyin, kẹ́ ẹ máa gbé ọlẹ̀ sínú ilé-ọmọ, residency O&G ni ọ̀nà, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ dókítà tó fẹ́ di àgbà nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ àti àrùn obìnrin, kò sí másítà tó lè rọ́pò ẹ̀. Ìdánwò Primary, Part I, Part II, yálà ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Surgeons, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó di consultant, lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa wá dojú kọ ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo kà sílẹ̀, òun wà lára àwọn tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ìrọbí ni, ẹ̀jẹ̀ dída ni, gìrì aboyún ni, CS agogo mẹ́ta òru ni, IVF ò sí lágbègbè yín. Àwọn kan ń gba másítà embryology kí wọ́n tó wọ residency. Ó wù mí, àmọ́ kì í dín ọdún residency kù, ẹni tówó ò ṣòro fún nìkan ni kó gbìyànjú ẹ̀.

Online ńkọ́?

Eastern Virginia Medical School ní Norfolk l'Amẹ́ríkà, tó ti di ara Old Dominion University ní 2024, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lab láti ọ̀nà jíjìn, ìlú yẹn ni wọ́n ti ṣe IVF tó bí ọmọ àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 1981. Online dáa fún ẹni tó ti wà nínú lab tó fẹ́ ìwé tó máa gbé e gòkè. Fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan pipette rí, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ICSI lórí Zoom.

Tó bá jẹ́ pé báyìí lẹ ṣe wà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ baba yín tán pẹ̀lú BSc, tówó ò sí: ẹ wá iṣẹ́ andrology ní kílíníìkì kan l'Ékòó, Ìbàdàn tàbí Àbújá, ẹ ṣe é fún ọdún méjì, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ojú yín gbà á, ẹ ó sì ti ní ìrírí tí Chevening ń béèrè. Lẹ́yìn náà lẹ wá gba fọ́ọ̀mù òkè òkun. Ẹni tó lọ ka embryology tán kó tó mọ̀ pé jíjókòó lójú kan nínú yàrá tí ò ní fèrèsé ń mú òun láyà, owó ilé baba ẹ̀ ló fi kọ́gbọ́n yẹn.

Nọ́ọ̀sì tó lọ́mọ méjì, tí ọkọ wà ní Adó: Benin. Mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ kílíníìkì, ilé ìwòsàn IVF máa ń wá fertility nurse, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ obìnrin láti gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ nílé tó sì lè gbé fóònù nígbà tó bá ń sunkún lóru, ìyẹn ò sì pọn másítà dandan.

Lecturer tàbí ẹni tó fẹ́ di ọ̀kan: anatomy tàbí physiology nílé, ṣùgbọ́n ẹ bẹ sùpáfáísọ̀ kó jẹ́ kẹ́ ẹ lo ohun tó jẹ́ ti èèyàn, àtọ̀ tí ilé ìwòsàn fẹ́ dà nù lẹ́yìn àyẹ̀wò, pẹ̀lú àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics tó ń yẹ ìwádìí wò. Ó ń pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àmọ́ thesis yẹn á yàtọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ ewé.

Àwọn òbí tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tọ́mọ bá ní òun ò fẹ́ jẹ́ dókítà, lab lòun fẹ́, ẹ má sọ pé ó ti já sí ìsàlẹ̀.

Ohun tó kù ni transcript, tẹ́ ẹ bá ní sùúrù ẹ má ní in lórí èyí. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde, ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀, ẹ gba orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ ní exams and records, ẹ máa pè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ yín ṣe wà lórí passport, lórí WAEC, lórí certificate, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ ti ní affidavit kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ sínú email ara yín.